Kí Ẹ Tó Ra Búlọ́ọ̀kù: Bí A Ṣe Ń Fi Àlòkù Kan Ilé Adìyẹ Sẹ́yìnkùlé

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo sọ níwájú àwọn onílé àdúgbò kan ní ìhà Ẹlẹ́yẹlé, ní Ìbàdàn. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè kan ilé adìyẹ sẹ́yìnkùlé láìná owó rẹpẹtẹ. Káfíńtà ni mí. Pákó tuntun ni mo fi ń kan nǹkan fún èèyàn, òun náà ni mo fi ń jẹun. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dé etí àwọn tó ń ta pákó ní Bódìjà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí ni mo fẹ́ gbà wọlé. Bí wọ́n bá ní kí n wá wo ilé adìyẹ tí ẹnì kan kọ́ nílùú yìí, mo ti mọ ohun tí n ó bá níbẹ̀ kí n tó kúrò nílé: búlọ́ọ̀kù láti ìsàlẹ̀ dókè, fèrèsé kan ṣoṣo tí orí ọmọdé kò lè gbà kọjá, ilẹ̀kùn irin gìrìwò, àti páànù tó wálẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti tẹ̀ ba kó tó wọlé. Ẹ bi onílé pé kí ló dé, á ní nítorí olè ni. Lóòótọ́, olè ò lè wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ náà ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ bẹjú wo inú rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó rí àwọn adìyẹ tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ojú wọn ń ṣomi. Nígbà tí wọ́n bá wá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, onílé á gba ọ̀nà ilé oògùn lọ, á ra èyí tí wọ́n ń bù sómi, á ra èyí tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́. Owó tó yẹ kó fi ra nẹ́ẹ̀tì ló ń kó fún olóògùn.

Adìyẹ kì í làágùn. Ara tirẹ̀ sì gbóná ju tiwa lọ: ó tó ìwọ̀n 41 Celsius, nígbà tí tiwa jẹ́ 37. Ọ̀nà tó ní láti lé ooru jáde kò ju kó la ẹnu kó máa mí kíákíá, kó sì na ìyẹ́ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní Ìbàdàn níbí, ọ̀sán oṣù kejì àti oṣù kẹta a máa lé ní 33, a sì máa tó 35 lọ́jọ́ mìíràn. Bí ìta bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, mélòó ni ti inú yàrá búlọ́ọ̀kù tí páànù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan adìyẹ lórí?

Ìgbẹ́ wọn tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní adìyẹ tó su tí kò tọ̀, ara rẹ̀ ló kù sí. Ẹ wo ìgbẹ́ adìyẹ dáadáa bí ẹ bá délé: funfun tó wà lórí rẹ̀ yẹn, ìtọ̀ rẹ̀ ni. Ibì kan náà ni méjèèjì ń gbà jáde. Bí ó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tó tutù, tí atẹ́gùn ò sì sí, á máa yọ gáàsì kan tó ń ta ni lójú tó sì ń họ ni lọ́nà ọ̀fun, òun ni wọ́n ń pè ní ammonia. Èèyàn tó wà lórí ìdúró lè má gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ gbé imú yín sí ibi tí orí adìyẹ wà. Bí ojú yín bá ta yín níbẹ̀, ẹ rántí pé ibẹ̀ ni tiwọn wà tọ̀sán tòru.

Ohun kan ṣoṣo tí mo wá sọ nìyí: òrùlé àti nẹ́ẹ̀tì ni ilé adìyẹ. Ògiri ò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ògiri gan-an ló ń gbé owó lọ. Bí a bá ti gbà bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí a nílò, àwọn èèyàn ń jù ú nù káàkiri ìlú yìí.

Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú já lu ọ̀rọ̀ mi níbí. Ó ní, "Nígbà tiwa, adìyẹ ò nílé kankan, orí igi ọsàn ni wọ́n ń wọ̀ sí." Òótọ́ ni ìyá sọ. Orí igi ọsàn yẹn, kí ló tún wà níbẹ̀ bí kò ṣe afẹ́fẹ́? Adìyẹ ìbílẹ̀ fúyẹ́, ó lè fò dé ibẹ̀. Adìyẹ àgíríìkì tó tóbi ò lè fò ó, kò sì mọ bí a ṣe ń sá fún àwòdì. Èyí tó ń yé ẹyin lójoojúmọ́, a ní láti ṣe igi ọsàn tirẹ̀ fún un nílẹ̀, ká sì fi òrùlé bò ó.

Ẹ jẹ́ ká fi adìyẹ mẹ́wàá ṣe ìṣirò wa. Mẹ́wàá ò ní bá aládùúgbò jà. Adìyẹ kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 120 oúnjẹ lójúmọ́, èyí ni pé àpò kílò 25 kan á tó mẹ́wàá jẹ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ wo àpò yín kí ẹ tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́ àyè tí kò dín ní ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti méjì lóròó. Ilé tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 lóròó, 4 níbùú, á gbà wọ́n pẹ̀lú ìrọ̀rùn, pàápàá bí ẹ bá fi nẹ́ẹ̀tì ṣe àgbàlá kékeré síwájú rẹ̀ tí wọ́n á ti máa tan ilẹ̀ lọ́sàn-án.

Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹ dúró sẹ́yìnkùlé yín láàárọ̀ kí ẹ wo ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ilé náà ni kó kọjú sí ìlà oòrùn, ìkejì rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Àwọn ẹ̀gbẹ́ gígùn á wá kọjú sí àríwá àti gúúsù. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé tààrà, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjèèjì ni a ó fi páànù dí pa sí i. Ìjì òjò tó ń ká páànù olówó gan-an, ìlà oòrùn ló sábà ń gbà wọ̀lú, nítorí náà páànù kan náà ti bá wa dí i. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ń ti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn bọ̀, ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ gígùn wọlé kó sì gba òdìkejì jáde. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi àpò oúnjẹ tí ẹ ti tú sílẹ̀ ta aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ àríwá lálẹ́, kí ẹ ká a sókè láàárọ̀. Ní ti ojú àgbàrá, ẹni tó bá rántí omíyalé odò Ògùnpa ọdún 1980, tàbí ẹ̀kún omi oṣù kẹjọ ọdún 2011, kò yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún un pé kó má kan nǹkan sójú ọ̀nà omi.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àlòkù gan-an.

Páànù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹni tó bá ti orí òkè Màpó wo ìsàlẹ̀ rí mọ bí páànù tó ti dípẹtà ṣe pọ̀ tó nílùú yìí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń tú òrùlé ilé ẹbí, tí wọ́n ń fi alumíníọ̀mù lọ́ńsípáànù rọ́pò rẹ̀, ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà-Ọba, ní Fókò. Bí ẹ bá rí àwọn káfíńtà lórí òrùlé, ẹ dúró kí ẹ kí wọn. Kí àwọn tó ń ra irin àlòkù tó gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀. Iye tí àwọn yẹn fẹ́ san kò pọ̀, ẹ fi díẹ̀ lé e.

Ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀. Páànù pupa lè le ju èyí tó ń dán lọ. Ẹ gbé e sókè kọjú sí oòrùn, kí ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀. Bí ó bá fọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún onírin. Bí kò bá fọ́, ọ̀pọ̀ nínú ihò tí ẹ rí jẹ́ ojú ìṣó àtijọ́, orí ibi tó yọ gọngọ ni wọ́n sì wà, torí ibẹ̀ ni káfíńtà tó gbọ́nṣẹ́ ń kan ìṣó sí. Omi kì í ṣàn lórí ibi tó yọ gọngọ, inú kòtò rẹ̀ ló ń gbà. Bí ẹ ṣe ń tò wọ́n, ẹ jẹ́ kí etí ọ̀kan gun orí èkejì níbi tí ihò bá wà. Ihò tó kù, ẹ ti ìṣó tuntun bọ inú rẹ̀. Ẹ bá àwọn fọkanáísà ní ìkóríta yín tọrọ tíúbù tó ti bàjẹ́, ẹ gé e kéékèèké, ìwọ̀n owó ẹyọ, kí ẹ gún ìṣó páànù kọjá láàárín rẹ̀ kí ẹ tó kàn án. Rọ́bà yẹn á dì mọ́ ojú ihò pinpin. Mo ti rí òrùlé tí wọ́n ṣe báyìí tí kò jò títí tí ikán fi jẹ igi abẹ́ rẹ̀ tán.

Páànù mẹ́rin tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 á bo ilé wa. Ẹ jẹ́ kí òpó iwájú ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ti ẹ̀yìn 5, kí òrùlé yọ síta ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Yíyọ tó yọ yẹn ló ń jẹ́ kí a lè fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ gbayawu láìjẹ́ pé òjò ń fẹ́ wọlé. Ẹni tó bá gé e kúrú nítorí kí páànù lè ṣẹ́kù, òun náà ni yóò padà wá fi búlọ́ọ̀kù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Pákó, ibi tí wọ́n ti ń ṣe dẹ́kìn ni kí ẹ lọ. Bí wọ́n bá ti tú pákó kúrò lábẹ́ kọnkéré, èyí tó ti ṣẹ́ tàbí tó ti kúrú ò wúlò fún wọn mọ́, obìnrin tó ń dáná ló sábà ń kó o. Ẹ bá fọ́máànù sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fún àwọn lébírà ní owó omi. Sìmẹ́ǹtì tó lẹ̀ mọ́ ọn ò ṣe adìyẹ ní nǹkan kan. Ìṣó tó wà lára rẹ̀ náà, ẹ fa á yọ, kí ẹ fi òòlù nà án tọ́ lórí òkúta. Ìṣó tí a nà ò dára fún òrùlé, ṣùgbọ́n á gbé nẹ́ẹ̀tì dúró. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ la gẹdú, ẹ̀gbẹ́ ìta igi, èyí tí èèpo wà lára rẹ̀, kì í wọ́n, òun sì tó fún àgbàlá.

Pálẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé iṣẹ́ ní ìhà Olúyọ̀lé ń tò ẹrù lé lórí dára púpọ̀. Ẹ wá òǹtẹ̀ tí wọ́n fi iná tẹ̀ sí i lára. Bí ẹ bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú igi náà, ẹ gbé e. Bí MB bá ni, gáàsì olóró ni wọ́n fi pa á, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìyẹn gbé mi dé orí àwọn àlòkù tí kò yẹ kó wọlé yín. Òpó iná onígi tí wọ́n fi oje dúdú kùn, ẹ má là á ṣe ibi tí adìyẹ á dúró lé, oje yẹn lóró. Òrùlé àti sílíǹ àtijọ́ tí wọ́n fi asbestos ṣe, ẹ má rẹ́ ẹ, ẹ má fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí ọ̀dà àtijọ́ ń bó lára wọn, inú ọ̀dà ìgbà náà sábà máa ń ní òjé (lead) tó lóró, adìyẹ á sì ṣa á jẹ, á sì gba ara rẹ̀ dé inú ẹyin tí ọmọ yín fẹ́ jẹ. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ta oògùn apakòkòrò kò ní mọ́ láéláé, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Àmọ́ èyí tó burú jù lójú tèmi ni àlòkù ilé adìyẹ ẹlòmíràn. Káàjì tí ẹnì kan fẹ́ tà torí pé adìyẹ rẹ̀ kú tán, kéréètì ẹyin oníwèé tó ti yí gbogbo ọjà ká, ìmumi tí wọ́n fi tọrẹ. Àìsàn tó pa ti ẹni ọ̀hún ń bẹ lára rẹ̀. Ó yá mi lára kí ẹ ra ìyẹn ní tuntun ju kí ẹ ra pákó lọ.

Ní ti kíkan rẹ̀, n ò ní sọ púpọ̀, ẹni tó bá ti kan àga rí á mọ̀ ọ́n. Òpó mẹ́fà, mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Kí ikán má baà tètè débẹ̀, ẹ wá agolo ọ̀dà ńlá mẹ́fà, ẹ ri wọ́n mọ́lẹ̀ kí ẹnu wọn yọ díẹ̀ sókè, ẹ po kọnkéré sínú wọn, kí ẹ ri pẹlẹbẹ irin sínú kọnkéré náà kó tó gan, irin yẹn ni ẹ ó kan òpó mọ́. Igi ò ní kan ilẹ̀ rárá. Ikán lè mọ ọ̀nà gba ara kọnkéré gòkè, ṣùgbọ́n ẹ ó máa rí ọ̀nà náà, ẹ ó sì fi ọ̀bẹ ha á dànù.

Láàárín àwọn òpó, ẹ fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù mọ ìlà méjì péré. Ẹni tí kò bá rí búlọ́ọ̀kù, kó po amọ̀. Amọ̀ ni àwọn baba wa fi kọ́ ìdajì ìlú yìí. Ìlà méjì yẹn kò jẹ́ kí ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ dà síta, kò sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa gbá adìyẹ nígbà tó bá sàba. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ pupa sínú rẹ̀, kí ẹ gún un títí á fi le, kí ilẹ̀ inú ga ju ti ìta lọ.

Ó kan nẹ́ẹ̀tì, ibi tí owó yín yóò gbà jáde nìyí, ẹ má sì ṣe ahun níbẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní nẹ́ẹ̀tì adìyẹ, tí ojú rẹ̀ fẹ̀, kì í jẹ́ kí adìyẹ jáde, àbùṣe bùṣe. Ajá á fà á ya. Eku á gba ojú rẹ̀ wọlé. Ejò, ibi tí orí rẹ̀ bá ti gbà, gbogbo ara rẹ̀ á tẹ̀lé e. Fún ibi tí wọ́n ń sùn, ẹ ra èyí tí wọ́n fi iná jó ìsopọ̀ rẹ̀, tí ihò rẹ̀ kò ju ìlàjì íǹṣì lọ, kí ẹ fi yí i ká láti orí búlọ́ọ̀kù dé abẹ́ páànù, títí kan àlàfo kékeré tó wà láàárín igi òrùlé. Àlàfo yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, ibẹ̀ sì ni ejò ń gbà. Ìta òpó ni kí ẹ kàn án mọ́, kì í ṣe inú, kí ohunkóhun tó bá ń ti nẹ́ẹ̀tì máa tì í mọ́ igi. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ tẹ etí rẹ̀ kí ẹ tó kan ìṣó. Ẹ tún na ẹsẹ̀ bàtà kan sí i síta lábẹ́ ilẹ̀ yípo, kí ẹ bù iyẹ̀pẹ̀ bò ó: òkété tó bá ń gbẹ́lẹ̀ bọ̀ á kàn án, á sì padà. Nẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tó fẹ́lẹ́ yẹn, ẹ fi ṣe àgbàlá ọ̀sán.

Ilẹ̀kùn ò gba ìnáwó. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná àtijọ́, tí ẹ bá ti gé e ní ìwọ̀n, tó. Bí híńjì bá wọ́n lójú yín, ẹ gé awọ ẹ̀gbẹ́ táyà ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta níbùú, mẹ́ta irú rẹ̀, kí ẹ fi ìṣó kan apá kan mọ́ òpó, apá kejì mọ́ ilẹ̀kùn. Kì í dípẹtà, kì í ké. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìkọ́ sí òkè àti ìsàlẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà láàárín.

Ní ti igi tí wọ́n á máa bà lé, gbogbo wa la mọ̀ pé adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọparun ò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí okùn, ó ń yọ̀, ó sì rí róbótó jù. Pákó tú-báí-tú ni kí ẹ lò, kí ẹ fi fáìlì tàbí àfọ́kù ìgò fá ìgun rẹ̀ kó má gún àtẹ́lẹsẹ̀. Íǹṣì 8 ni adìyẹ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Igi méjì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4 á gba mẹ́wàá. Kí méjèèjì ga bákan náà, nítorí bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, gbogbo wọn ló fẹ́ jókòó sókè, ìjà á sì máa ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ẹ má gbé e ga ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Adìyẹ àgíríìkì wúwo, bí ó bá ń fò bọ́ sílẹ̀ láti òkè lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú.

Ìtẹ́ ẹyin, ike ọ̀dà onílítà 20 ni. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ dà á dùbúlẹ̀ sórí pákó, ẹ gé ìdérí rẹ̀ sí méjì kí ẹ fi ìdajì bo ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀, kí koríko inú rẹ̀ má baà dà síta. Ike mẹ́ta tó adìyẹ mẹ́wàá. Ẹ gbé wọn sí igun tó ṣókùnkùn jù, kí wọ́n wà nísàlẹ̀ ju igi tí wọ́n ń bà lé lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú ìtẹ́ ni wọ́n á máa sùn, tí wọ́n á sì máa su sí.

Fún omi, ẹ mú kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà 5, ẹ lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìwọ̀n íǹṣì kan sókè láti ìdí. Ẹ gbé e sínú abọ́ tí etí rẹ̀ ga tó íǹṣì méjì. Ẹ fi ìka dí ihò, ẹ pọnmi kún un, ẹ dé e pa pinpin, kí ẹ wá yọ ìka. Omi á máa jáde títí á fi bo ihò náà, á sì dúró. Bí wọ́n bá mu ún tó fi wá sílẹ̀ ju ihò lọ, afẹ́fẹ́ á wọlé, omi mìíràn á jáde. Bí ẹ bá rí i pé omi ń ya kọjá etí abọ́, ìdérí ló ń gba afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ fi ọ̀rá dì í. Adìyẹ mẹ́wàá ń mu lítà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta lójúmọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ohun tí a ó tẹ́ sílẹ̀ wà ní Bódìjà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí fún owó àpò lásán. Ẹ béèrè fún èyí tí ẹ̀rọ tó ń fá pákó ń tú jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má gba èyí tó kúnná bíi gààrí. Èyí tó kúnná ń di eruku sí wọn nímú, ó ń dì nígbà tó bá tutù, àwọn kékeré inú wọn á sì máa ṣà á jẹ. Ẹ tẹ́ ẹ tó íǹṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ máa fi ràkè yí i. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: bí ó bá dì mọ́ra nígbà tí ẹ ṣí ọwọ́, ó ti tutù jù, ẹ kó ibi tó tutù jáde kí ẹ da gbígbẹ sí i. Bí ó bá tú ká, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ bu eérú gbígbẹ pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ sínú táyà àtijọ́ kan ní igun àgbàlá; wọ́n á máa wẹ̀ nínú rẹ̀, kòkòrò ara tí à ń pè ní iná ò sì ní pọ̀ lára wọn.

Kò sí ilé tó dára tó tí ó lè dá lùkúlùkú dúró, àrùn adìyẹ tí àwọn dókítà ń pè ní Newcastle. Àrùn yìí àti ìlú wa ti jọ pẹ́: ní àyíká Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín oṣù Kejìlá 1952 àti oṣù Kejì 1953. Ẹ kíyè sí àwọn oṣù yẹn. Ìgbà ọyẹ́ ni, ìgbà yẹn náà ni àrùn yìí ṣì ń jà jù títí dòní, tí ọjà ọdún ń kó adìyẹ láti ibi gbogbo pàdé ara wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n ń kán sójú àti èyí tí wọ́n ń pò mómi, kò sì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran ṣe é fún wọn kí ọyẹ́ tó mú. Adìyẹ tí ẹ bá rà lọ́jà ọdún tí ẹ kò tíì pa, ẹ má kó o sáàárín tilé.

Ìbéèrè pọ̀. Bàbá kan ní ilé tí mo júwe yìí, kí ló máa dá olè dúró? Mo ní kí bàbá gbé e sí abẹ́ fèrèsé yàrá tí wọ́n ń sùn. Olè tó bá máa gé irin lábẹ́ fèrèsé yín tí adìyẹ ń pariwo, búlọ́ọ̀kù ò ní dá a dúró. Ẹnì kan tún béèrè nípa ìjàlọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rín, wọ́n lè pa gbogbo òròmọdìyẹ lóru ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí àyíká ilé mọ́ láìsí koríko, ẹ da eérú yí i ká, kí ẹ sì tún un dà lẹ́yìn òjò, torí eérú tó bá ti tutù ò lágbára mọ́. Ní ti àwọn òròmọdìyẹ fúnra wọn, inú ilé tiyín ni kí wọ́n kọ́kọ́ wà, títí ìyẹ́ á fi bo ara wọn. Àbúrò kan béèrè bóyá dandan ni kí àkùkọ wà. Kò pọn dandan. Àgbébọ̀ á yé ẹyin láìsí àkùkọ, ẹyin náà kàn ò ní lè di òròmọdìyẹ ni, ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á sì rí oorun sùn.

Ìyá tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló béèrè èyí tó kẹ́yìn: ṣé kí òun máa da ohun tí wọ́n bá kó jáde sídìí ewédú? Mo ní kí ìyá má dà á síbẹ̀ ní tútù, á jó o. Kí wọ́n kó o jọ sí igun kan lábẹ́ ibòji, kí wọ́n máa yí i, kí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá di oṣù mẹ́ta, tí òórùn rẹ̀ ti lọ, tí ó sì ti dúdú, wọ́n lè máa bù ú sí ewédú àti tẹ̀tẹ̀. Ìyá ní oṣù mẹ́ta ti pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n fi ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dán an wò ná, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè gbà á, kó ṣáà má kan ara igi rẹ̀.